Èlùbọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Kabba,
ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́.

Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi, àbígbẹ̀yìn tí kò jẹ́ kí n sinmi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ọjà, okun ilé ọkọ. Káyọ̀dé ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le? Bàbá rẹ ní kí n kí yín. Ó jókòó síwájú mi níbí, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ní kí n má jẹ́ kí lẹ́tà yìí gùn jù. Mo fa ìwé mìíràn kún un.

O ó máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Ìyé fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́. Ìwọ lo fà á. Lánàá tí mo pè ọ́, mi ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí o fi ní, "Ìyé, mo ti gbọ́, oníbàárà wà níwájú mi," tí o sì pa fóònù mọ́ mi létí. Oníbàárà wo? Oníbàárà tó ń kọrin nínú tẹlifíṣọ̀n ni àbí? Mo ń gbọ́ ọ o! Lẹ́tà kò ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á. Bí o bá ká a jù síbì kan, o ó tún padà wá tú u, nítorí mo mọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ kì í ṣẹ́ kù sílẹ̀ níwájú rẹ kí o má gbọ́ ìparí ẹ̀. Nítorí náà, fa àga, jókòó, kí o sì kà á tán.

Ohun tí o sọ kí o tó pa fóònù yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ wọ̀ mí lọ́fun. O ní ìsọ̀ rẹ ní Odò-Ẹrẹ̀ ti kún, èlùbọ́ kan àjà, àgbàdo àti ẹ̀wà kò jẹ́ kí èèyàn rí ibi fi ẹsẹ̀ sí. Inú mi dùn. O wá ní o ti bá Ìyá Tọ́pẹ́ tó ń yan gàrí lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ jà nítorí iná rẹ̀, pé o ti fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ojú ọ̀nà tó wà láàárín yín pa, o sì ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ mọ́, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. O sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni tó gba ẹ̀bùn nílé-ìwé.

Fúnmi, gbogbo ohun tí ìwọ àti ọkọ rẹ ní láyé wà nínú ìsọ̀ yẹn. Ọyẹ́ sì ti dé. Bí nǹkan bá ṣe ìsọ̀ yẹn lọ́jọ́ tí ẹ lọ sọ́jà, ta ni yóò kọ́kọ́ rí i? Ẹni tí o lé lọ yẹn náà ni.

Ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, o ó ní Ìyé ń gbè sẹ́yìn àlejò. Orí òrùlé ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́, òrùlé. O sọ fún mi lọ́jọ́sí pé páànù kan ń gbọ̀n lórí ìsọ̀ yẹn, pé Káyọ̀dé ní òun máa pe kápẹ́ńtà bí òjò bá súnmọ́. Ha! Bí òjò bá súnmọ́, gbogbo ìlú ló ń wá kápẹ́ńtà, kápẹ́ńtà náà sì ń wá ẹni tó máa bá a tún òrùlé tirẹ̀ ṣe. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Nígbà tí a ṣì wà nílé wa àtijọ́, páànù kan gbọ̀n báyìí. Mo sọ fún bàbá rẹ. Ó ní òun ti gbọ́. (Ṣé o rí ibi tí o ti kọ́ ọ?) Ó kó òkúta gun òkè, ó fi tẹ páànù. Òkúta kò tó, ó gbé ọlọ mi kún un. Ọlọ tí mo fi ń lọ ata! Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣú dẹ̀dẹ̀, tí ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tí í ṣe Ààfáà wá, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbàdúrà tiwọn. Àwọn ìjọ wa náà wá, a gbàdúrà tiwa. Àmín dún láti apá méjèèjì, ilé mì tìtì. Ọmọ mi, gbogbo wa gbàdúrà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbé àkàbà. Ìjì gbé páànù, páànù da òkúta, ọlọ mi sì gba inú àjà wọlé, ó bọ́ gbì sórí ibùsùn, níbi tí bàbá rẹ máa ń gbé orí sí gan-an. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ti sá sábẹ́ tábìlì. Ọlọ tó ya létí tí o fi ń kùn nígbà tí o wà lọ́mọdé pé ata kì í kúnná lórí ẹ̀, ohun tó ṣe é nìyẹn. Bàbá rẹ ní irọ́ ni mo ń pa, pé òun kò sá sábẹ́ tábìlì, pé nǹkan ni òun ń wá níbẹ̀.

Ẹ pe kápẹ́ńtà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí ó lo ìṣó tó gùn, kí ó sì fi wáyà so igi òrùlé mọ́ ògiri. Kí ẹ gbàdúrà pẹ̀lú o, mi ò ní kí ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n kí kápẹ́ńtà ti sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó ṣe àmín.

Èkejì, iná. Ìwọ náà mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá ti mú koríko gbẹ báyìí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń dẹ òkété á dáná sígbó. Òkété kan ni wọn á rí pa, iná á sì jẹ oko olóko. Lọ́dún kan, gbogbo àwọn ará Bùnù tó bá bàbá rẹ pààlà ní oko káṣú tó wà lọ́nà Ayewa ni wọ́n ti ro etí oko wọn, tí wọ́n gbá ewé gbígbẹ kúrò kí iná má baà rí nǹkan jẹ wọlé. Bàbá rẹ ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iná kò dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n pè é pé iná ti ń lọ sí oko rẹ̀, ó ki kẹ́ẹ̀gì kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fò sórí ọ̀kadà. Nígbà tó débẹ̀, ó ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó dà á síná pẹ̀lú agbára. Òórùn ẹmu gba gbogbo oko kan. Ẹmu tí àna rẹ̀ gbé wá fún un láàárọ̀ ni! Iná kì í mutí, ọmọ mi. Kò yó, kò sì sùn.

Ọkùnrin kan tó bá a pààlà, tó ti ń fi ẹ̀ka igi tútù na iná náà kí bàbá rẹ tó dé, òun ló gba oko wa là. Èyí tó kù nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì ni bàbá rẹ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sórí eérú, wọ́n mu ún tán, ó sì wálé lójú dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Títí dòní, bí káṣú bá so, apẹ̀rẹ̀ kan ti ọkùnrin yẹn ni.

Nítorí náà, ẹ gbá ẹ̀yìn ìsọ̀ yín kí ó mọ́ féfé. Kí dúrọ́ọ̀mù omi kan wà níta nígbà gbogbo, kí ẹ sì máa tọ́ ọ wò kí ó lè dá yín lójú pé omi ni. Kí garawa iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bẹntiróòlù tí Káyọ̀dé ń tọ́jú sábẹ́ tábìlì ìsọ̀ nítorí jẹnẹrétọ̀, kó gbé e jáde lónìí. Ó ní olè ni òun ń sá fún. Olè á kó díẹ̀, á sì sá lọ. Iná kì í kánjú ní tirẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa jẹ.

Ó wá ku ẹ̀kẹta, èyí tí mo torí ẹ̀ gbé bírò. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Bàbá rẹ mọ̀ ọ́n, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín níbi tó wà yìí, ẹ̀pà fẹ́ gbé e lọ́fun, ó sì tọ́ sí i.

O rántí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa àtijọ́, níbi tí a ti ń sá èlùbọ́. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló ń lò ó. Kálukú á bẹ iṣu rẹ̀, á gé e, á bọ̀ ọ́, á tẹ́ ẹ síbẹ̀. Oòrùn á mú un lókè, àpáta gbígbóná á mú un nísàlẹ̀, ọyẹ́ á fẹ́ sí i, láìpẹ́ ó ti ń dún kọ́kọ́kọ́. Kò sí ààlà níbẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà: bí òjò bá ṣú láìròtẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wà nítòsí á figbe ta, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ á sáré jáde, wọn á kó èyí tí ọwọ́ wọn bá bà, láìbéèrè ẹni tó ni ín. Ìgbà tí òjò bá dá ni wọn á tó jókòó yí òkìtì náà ká, tí wọn á máa ṣà á. "Tèmi nìyí." "Irọ́ ni, tìrẹ kì í mọ́ tó báyìí." Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣà á.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Mo ti gbé Ìlọrin, mo ti rí ayé. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo ń gé èlùbọ́ tèmi. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣà á tán, mo bá èlùbọ́ Ìyé Àgbà nínú tèmi. Ìyé Àgbà ni àgbà gbogbo obìnrin orí àpáta náà, wọ́n sì máa ń gé iṣu tiwọn kí ó nípọn tó bàtà. Inú bí mi. Mo dìde, mo ní, "Hàbà! Ṣé bàtà ni mo fẹ́ fi rokà ni?" Ìyé Àgbà wò mí, wọ́n kàn ní, "Okun o, ìyàwó."

Ilẹ̀ mọ́, mo ṣa òkúta, mo tò ó yí apá kan àpáta náà ká, ó lẹ̀ mọ́ra dáadáa, mo fi ẹfun kùn ún. Mo gba páálí, mo fi èédú kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sí i pé: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KAN ÈLÙBỌ́ YÌÍ, OHUN YÒÓWÙ KÓ ṢẸLẸ̀. Bàbá rẹ kà á, ó ní, "Ìyàwó, ìdajì ọ̀rọ̀ yìí náà ti tó." Mo ní kó lọ jókòó.

Gbogbo iṣu tí a wà lóko lọ́dún náà ló wà láàárín òkúta yẹn o. Òun ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Ìgbéyàwó wá ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ìyàrá. Mo wo ojú ọ̀run, ó mọ́ gaara. Ta ló ń ronú òjò láàárín ọyẹ́? Mo kun àtíkè, mo lọ. A ṣì ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀run ya. Òjò tí kò mọ oṣù! Mo ju ìrẹsì sílẹ̀ pẹ̀lú ẹran lórí ẹ̀, mo gun ọ̀kadà, òjò ń nà mí, àtíkè ń ṣàn wọ̀ mí lẹ́nu.

Nígbà tí mo fi dórí àpáta, òjò ti dá. Gbogbo àpáta mọ́ tónítóní, wọ́n ti kó ti gbogbo èèyàn. Tèmi nìkan ló ń léfòó. Òkúta tí mo tò yí i ká ló sé omi mọ́ ọn lórí. Àní èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe odò fún èlùbọ́ mi! Àwọn obìnrin náà dúró sábẹ́ igi, ojú wọn tutù bí ojú ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wá wo páálí mi. Páálí mi gbẹ. Wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó dáadáa, wọ́n sì fi òkúta tẹ ọ̀rá náà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo ní, "Ìyé Àgbà! Ẹ wà níbí, ẹ ń wò ó?"

Wọ́n ní, "Ìyàwó, a ka ìwé rẹ. Ó ní ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. A wo òjò, a ní, bóyá ohun tí ìyàwó ń sọ nìyí. A ò fẹ́ rú òfin. Ṣùgbọ́n a ò jẹ́ kí òjò pa ìwé rẹ, nítorí ó dà bíi pé òun lo fẹ́ràn jù."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo jókòó sórí àpáta pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó, mo bú sẹ́kún. Ẹkún gidi ni o. Ọdún kan gbáko ni mo rí tó ń rà níwájú mi. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tó. Lẹ́yìn náà Ìyé Àgbà ká aṣọ sókè, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tú òkúta kan kúrò kí omi lè rí ọ̀nà jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Àwọn tó kù wá bá wọn. Wọ́n pín in láàárín ara wọn, kálukú gbé e lọ yan lórí ààrò tirẹ̀. Ìdajì rà. Ìdajì yè, ṣùgbọ́n ó dúdú, ó ń rùn bí èéfín. Àwọn oníbàárà ní irú èlùbọ́ wo nìyí. Mo ní bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní Ìlọrin nìyẹn. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ òwò tí o fi kàwé.

Ìyé Àgbà ti lọ. Mo ṣì ń rántí wọn bí mo bá ti rí òjò. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tó, ó sì ń dùn mí.

Ṣé o wá mọ ìdí tí ara mi kò fi gbà á lórí fóònù lánàá? "Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀." Ńṣe ló dà bíi pé mo tún rí páálí mi.

Mi ò ní o kò rí nǹkan o. Òótọ́ lo sọ nípa iná Ìyá Tọ́pẹ́. Mo rí ààrò yẹn lọ́jọ́ tí a wá ṣí ìsọ̀ rẹ, ó súnmọ́ ògiri rẹ jù, bí ọyẹ́ bá fẹ́ ẹyinná kan, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Iná ni kí o bá jà, má bá obìnrin náà jà. Kí Káyọ̀dé gbé búlọ́ọ̀kù díẹ̀ lọ, kó bá a mọ odi kékeré yí ààrò náà ká níhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Odi yẹn á gba ìsọ̀ rẹ là, á sì gba gàrí rẹ̀ là. Má fi àgádágodo ṣe é. Iná kì í kan ilẹ̀kùn, àgádágodo kò sì dá iná dúró rí. Ẹni tó ń bọ̀ wá pa iná ló máa dá dúró. Ṣe kọ́kọ́rọ́ kejì, kí o kúnlẹ̀, kí o fi ọwọ́ ọ̀tún àti òsì gbé e fún un. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Kí n tó gbàgbé: má kó gbogbo ọjà rẹ sójú kan. Ilé bàbá Káyọ̀dé wà ní Ponyan, yàrá ṣófo níbẹ̀, kò sí nǹkan tó ń gbé inú ẹ̀ ju aláǹgbá lọ. Kó ìdajì lọ síbẹ̀ kí ọyẹ́ tó le. Bí ọ̀kan bá lọ, kí ọ̀kan kù tí a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù.

Mo mọ ohun tí o ń sọ lọ́kàn báyìí. O ní o ti gbọ́, pé o máa lọ kí i bí o bá ráyè, bóyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ bàbá ẹ ni ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún dẹ́rẹ́bà tó gbé ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ pé kó má gbé e dé ìsọ̀ rẹ rárá. Ilé Ìyá Tọ́pẹ́ ni mo ní kó gbé e sí, pẹ̀lú lẹ́tà lórí ẹ̀, kó wá pè ọ́ pé ẹrù rẹ wà níbẹ̀. Bí o bá ń ka ibí yìí, o ti wọ ilé rẹ̀ nìyẹn, o ti kúnlẹ̀ kí i, ó sì ti gbé àga fún ọ, nítorí mo ti pè é láàárọ̀, òun kò pa fóònù mọ́ mi létí. Ó ń wò ọ́ báyìí. Rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó má baà rò pé èébú rẹ̀ ni mo kọ.

Èlùbọ́ ló wà nínú àpò. Èyí tó fẹ́lẹ́ jẹ́ tìrẹ. Èyí tó nípọn tó bàtà, bí Ìyé Àgbà ṣe ń gé e, jẹ́ tirẹ̀. Mo ti dà wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó, kí ẹ ṣà á.

Èmi ni,
Ìyé rẹ.